Scan ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà: dókítà méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Òkè-Fìà
Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, kú lọ́dún tó kọjá. Ẹni ọdún 44 ni. Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà ni, wọ́n tún ní ọgbẹ́ inú ni, a ra oògùn títí. Ó ń rù, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ń wú. Ìgbà tí wọ́n máa fi ṣe scan fún un, jẹjẹrẹ ti gba apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Kò lò tó oṣù mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn ìsìnkú ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pe èmi àti àbúrò wa obìnrin, ó ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò fún mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́), torí òun ló fa ti ẹ̀gbọ́n wa. Ó wà lára àwa méjèèjì.

Ẹni ọdún 37 ni mí. N kì í mu ọtí, n kì í mu sìgá, kò sí ibi tó ń dùn mí. Dókítà àkọ́kọ́ ní kí n máa ṣe scan ẹ̀dọ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ AFP (èròjà kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lè gbé sókè nínú ẹ̀jẹ̀) lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, títí lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà kejì, ìyẹn ní àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí bóyá scan yẹn ń gba ẹ̀mí là, pé kí n fi owó náà tọ́jú kòkòrò tó wà lára mi. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, owó scan àti AFP lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nílé mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọ̀gá mi, ẹ lọ ṣe scan náà. Wọ́ọ̀dù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń gbà wọlé, ìgbà tí ikùn ti kún fún omi, tí ẹsẹ̀ ti wú, tí ẹyinjú ti pọ́n ni wọ́n tó dé. Ẹ̀dọ̀ kì í pariwo. Ibi kékeré tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò ní dun èèyàn rárá, àfi tó bá ti tóbi tó ń fa awọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin pé kò sí ibi tó ń dùn yín, ẹ̀gbọ́n yín náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ẹ ní mẹ́dọ̀wú B, ọmọ ìyá yín sì ti kú sí i. Kí lẹ tún ń dúró dè? Tí owó scan bá wọ́n yín lọ́rùn, ẹ kàn máa ṣe AFP nìkan, ó sàn ju kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ.

Olùkọ́ Ìlera
Ọjọ́ Ajé, 10:22 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún dókítà kejì, torí òótọ́ ni wọ́n sọ, ìkà kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Ohun tí a fẹ́ kí àyẹ̀wò ṣe ni kó dín ikú kù. Kó tètè rí àrùn nìkan kò tó. Ẹ wo ọkùnrin méjì tí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rí ti àkọ́kọ́ ní 2020 torí ó ń ṣe scan. Wọ́n rí ti èkejì ní 2022 nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Àwọn méjèèjì kú ní 2023. Ẹni tó bá ń ka ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n rí i, á ní scan fún ẹni àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́ta, ẹni kejì ní ọ̀kan péré. Ọjọ́ ikú wọn kò sì yí padà rárá. Ohun tí scan fún ẹni àkọ́kọ́ ni ọdún méjì àníyàn sí i. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: jẹjẹrẹ tó ń rọra dàgbà ni scan máa ń bá pàdé jù. Èyí tó ń sáré máa ń yọ láàárín scan kan sí èkejì. Nítorí náà, àwọn tí scan rí ti wọn máa ń dà bí ẹni pé wọ́n pẹ́ láyé jù, bẹ́ẹ̀ àrùn tiwọn ló yàtọ̀ láti ilẹ̀.

Nítorí ìdí yìí la fi ń béèrè fún ìwádìí tí wọ́n ti fi kèké pín èèyàn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tí wọ́n ṣe ní Qidong, ní Ṣáínà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003. Àwọn ọkùnrin tó ní mẹ́dọ̀wú B ni, wọ́n lé ní 5,500. AFP ni wọ́n fi ń yẹ apá kan wò. Wọ́n rí jẹjẹrẹ nígbà tó ṣì kéré lára àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ó ju ti apá kejì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka òkú, kò sí ìyàtọ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ohun tí ẹ ń ní kí ọmọkùnrin yìí ṣe. AFP nìkan kọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ̀dọ̀ wọn ti di àpá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n fi àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa wé àwọn tí kò pa. Scan tí àwọn méjèèjì ti ṣe ṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí scan bá ń gbà là ni, ṣé kò yẹ kí àwọn tó kú ti ṣe kéré jù?

Mo ní ìbéèrè kan fún Ọmọ Òkè-Fìà: bí wọ́n bá rí i lọ́la, ṣé ẹ mọ ẹni tó máa gé e, àti ibi tí owó rẹ̀ máa ti wá?

Dókítà Ikùn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 òwúrọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀. Olùkọ́ sọ òótọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fo ìwádìí tó tóbi jù.

Shanghai ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004. Àwọn ẹni ọdún 35 sí 59 tó ní mẹ́dọ̀wú B tàbí tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ti bá jà tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n jẹ́ 18,816. Wọ́n fún apá kan ní scan àti AFP lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èèyàn 32 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa níbẹ̀. Ní apá kejì, 54 ló pa. Ìdínkù 37 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, nínú scan tó yẹ kí wọ́n wá ṣe, díẹ̀ ló fi lé ìdajì tí wọ́n wá ṣe lóòótọ́. Àwọn tó ń ta kò ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ kò mọ́ tó, àríyànjiyàn tó yẹ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣe bí ẹni pé kò sí.

Ìwádìí àwọn sójà, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti di àpá, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cirrhosis, ni wọ́n wò. Ọmọkùnrin yìí kò tíì dé ibẹ̀ bóyá. Fún àwọn oní-cirrhosis, wọ́n gbìyànjú láti ṣe ti kèké ní Ọsirélíà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ̀ kí wọ́n fi kèké pín àwọn, ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n kàn máa ṣe scan fún àwọn. Ìwádìí yẹn kò ṣeé ṣe. Ìdí rèé tí àríyànjiyàn yìí kò fi tán.

Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, AFP nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kékeré kì í gbé AFP sókè, mẹ́dọ̀wú tó bá ń jó lára lè gbé e sókè láìsí jẹjẹrẹ, oyún náà sì ń gbé e sókè. Scan fúnra rẹ̀ kò pé: níbi tí ẹ̀dọ̀ ti di àpá, scan nìkan ń rí bíi 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú AFP, ó di bíi 63. Àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Ìdí tó fi jẹ́ oṣù mẹ́fà: ìyára tí kókó jẹjẹrẹ fi ń dàgbà nínú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n wò. Àwọn ará Faransé gbìyànjú oṣù mẹ́ta, wọ́n fi wé mẹ́fà, kò sí àǹfààní kankan nínú mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ máa wá lóṣooṣù.

Ẹ̀yin tó ní mẹ́dọ̀wú B, tí ọmọ ìyá, òbí tàbí ọmọ yín ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹ wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ìlànà ní kí wọ́n máa yẹ̀ wò. Fún ọmọ Áfíríkà tó ní mẹ́dọ̀wú B, ìlànà àwọn Amẹ́ríkà kò ní kí ó dúró títí di ẹni 40. Jẹjẹrẹ yìí ń tètè dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ìyá Aláṣọ Ọjà-Ọba
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 òwúrọ̀

Ẹ̀yin dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ èyí tí ojú mi rí, torí ẹ kò tíì sọ ọ́.

Ọkọ mi ní mẹ́dọ̀wú B. Wọ́n ṣe scan fún un, wọ́n ní àwọn rí kókó kan. Wọn kò sọ fún wa bóyá ó dára tàbí kò dára, wọ́n kàn kọ ọ́ sí ìwé pé kí a lọ ṣe CT, àwòrán inú ara tó jinlẹ̀ ju scan lọ. Kó tó di pé a rówó CT jọ, ọkọ mi ti pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kò jẹun. Ó pe pásítọ̀, ó pe àwọn ẹbí láti Ìkìrun. Mo ta gèlè tí mo kó pamọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ mi. Nígbà tí a ṣe é tán ní Ìbàdàn, wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kó ara jọ níbẹ̀, pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n oṣù tí a fi dúró yẹn, ọkọ mi kò tíì bọ́ nínú ẹ̀ dòní. Scan tó yẹ kó ṣe lẹ́yìn náà, ó ní òun kò lọ mọ́. Ẹ bá mi sọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Bàbá Eléwé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 òwúrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Àwọn baba wa ti mọ ẹ̀dọ̀ kí òyìnbó tó dé. Ewúro wà, egbò igi wà. Kí ọmọ yìí kọ́kọ́ wá mu àgbo kó fi fọ ẹ̀dọ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó rí bí yóò ṣe rí.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà. Ẹ̀pà tó ti bu, àgbàdo tó ti bu, kí ẹ má jẹ ẹ́. Àwọn àgbà kì í jẹ ẹ́. Ayé ìsinsìnyí ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ kulikuli tí wọ́n ń tà á fún ọmọ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 òwúrọ̀

Dókítà, mo gbà lórí AFP, ẹ ṣeun.

Bàbá, mo kí yín o, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Ohun tí mo máa sọ le. Gbogbo ohun tí a bá mu, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á wọlé. Ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, tí a wá ń da àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé lórí lójoojúmọ́ fún oṣù kan, à ń fi kún ìṣòro rẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ló tún burú jù. Mo ti tọ́jú àwọn tí ojú wọn pọ́n lẹ́yìn irú àgbo bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má ní kó mu ún.

Dókítà Ikùn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Lórí ẹ̀pà, Bàbá jàre gan-an. Èébu tó ń hù lórí ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ tó máa ń tu májèlé kan sínú rẹ̀, aflatoxin lorúkọ rẹ̀. Sísè kì í pa á, yíyan kì í pa á. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B tó tún ń jẹ ẹ́, ewu jẹjẹrẹ tirẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ti ẹni tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ ṣa ẹ̀pà kí ẹ tó yan án. Èyí tó bá rọ, tó dúdú, tó ń korò, ẹ dà á nù. Ẹ má fi fún adìẹ pẹ̀lú.

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú àìbalẹ̀ ọkàn. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún yín lójú ẹsẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ìlànà ṣe rí nìyí: kókó tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n máa ń tún scan ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni, a kì í sáré lọ sí CT. Tó bá tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà náà ni CT tàbí MRI tí wọ́n fún èèyàn ní oògùn ìyàwòrán níbi iṣan kàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí scan ń rí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ti wọn ti ní orúkọ báyìí, ó ti wà lákọsílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn dẹ́rù bà wọ́n mọ́. Kí wọ́n mú èsì CT náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ.

Ayàwòrán Inú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:02 ọ̀sán

Iṣẹ́ scan ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń nàwó lásán.

Ẹ má jẹun láti alẹ́. Omi díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Tí ẹ bá ti jẹ àmàlà wá, afẹ́fẹ́ inú ìfun á bo apá òsì ẹ̀dọ̀, òróòro á sì sún kì. N kò ní rí ohun tó yẹ kí n rí, ẹ ti sanwó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sórí ìwé pé mẹ́dọ̀wú B ni, pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹbí, kókó ni à ń wá. Bí wọ́n bá kàn kọ "scan ikùn", ẹni tó ní èrò púpọ̀ níta lè fi ẹ̀rọ ra ẹ̀dọ̀ kọjá lọ wo kíndìnrín. Scan ẹ̀dọ̀ tó dára, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ní kí ẹ mí sínú kí ẹ dì í mú, kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ gbé apá ọ̀tún sókè orí. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán láìsọ irú ìyẹn rárá, ẹ béèrè.

Ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni kí ẹ máa ṣe é tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ kó gbogbo èsì àtijọ́ dání. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti ìsinsìnyí àti ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló ń sọ̀rọ̀ jù fún mi. Fún àwọn tó sanra lágbedeméjì, ọ̀rá a máa bo ẹ̀dọ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń bo òkè lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Irú wọn, mo máa ń kọ ọ́ sínú èsì pé n kò rí i dáadáa, kí dókítà lè mọ̀ pé "kò sí nǹkan" tí mo kọ ní ààlà.

Ẹ̀rọ yìí kò ní ìtànṣán tó ń pa ara lára. Aboyún ń ṣe é.

Olùkọ́ Ìlera
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe scan. Ohun tí mo ní ni pé ẹ má fi í síwájú oògùn. Ẹ̀rí lórí dídènà àrùn yìí lágbára ju ẹ̀rí lórí wíwá a kiri lọ. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ní 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ìyẹn. Ní Nàìjíríà, 2004 ni abẹ́rẹ́ yẹn wọ ètò àjẹsára ìjọba, èyí túmọ̀ sí pé àwa tí wọ́n bí ṣáájú, ọwọ́ òfo la jáde. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní mẹ́dọ̀wú B. Ẹ ka àwọn èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó kún, ẹnì kan tàbí méjì níbẹ̀ ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. A fẹ́ máa fi scan lé gbogbo wọn lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà tí a kò tíì fún wọn ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́.

Dókítà Ikùn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Olùkọ́, lórí ètò ìlú, mo gbà fún yín tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ti mọ̀ pé òun ní in, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìlú.

Ẹ tún béèrè ibi tí ìtọ́jú wà. Ìbéèrè gidi ni. Ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní Íjíbítì, ìdajì wọn ṣì wà láyé ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n rí i. Ní ti àwa yòókù, ìdajì ti kú kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Olùkọ́ Ìlera
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:34 alẹ́

Dókítà, ohun tí mo ní lánàá lórí ọkùnrin méjì yẹn ń bẹ nínú ìyẹn náà. Bí àwọn ará Íjíbítì bá ń tètè rí i, oṣù wọn á gùn lórí ìwé.

Dókítà Ikùn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:51 alẹ́

Apá kan rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Íjíbítì, nínú aláìsàn mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló gba ìtọ́jú tó dojú kọ jẹjẹrẹ náà gan-an. Ní ọ̀dọ̀ àwa yòókù, kò ju bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Scan nìkan kọ́ ni wọ́n fi jù wá lọ.

Kókó kékeré kan nínú ẹ̀dọ̀ tó ṣì lágbára, wọ́n lè gé e kúrò, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ tó gbóná jó o. Àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn la máa ń darí irú rẹ̀ sí. Èyí tó ti gba ìdajì ẹ̀dọ̀, kò sí ẹni tó máa gé e. Ìdí tí mo fi ń ní kí ọmọkùnrin yìí ṣe scan nìyẹn: ẹni ọdún 37 ni, ara rẹ̀ le, ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ pátápátá, tí kò lè gba ìtọ́jú kankan, n kò ní ní kó máa ṣe scan. Kò ní ṣe é láǹfààní.

Oògùn wá ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 2024. Nínú rẹ̀, ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹbí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tenofovir ni oògùn náà, hóró kan lójúmọ́. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún HIV pẹ̀lú, torí oògùn kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọn kì í sì í lò ó nìkan fún ẹni tó ní méjèèjì. Ẹ má dá a dúró fúnra yín láé. Tí ẹ bá já a lójijì, kòkòrò náà lè dìde padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àdùkẹ́ Ayétòrò
Ọjọ́rú, 6:58 òwúrọ̀

Èmi ń lo tenofovir, ó ti pẹ́. Kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Ṣé mo lè jáwọ́ nínú scan nìyẹn?

Ọmọ Òkè-Fìà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya abọ́ yín sọ́tọ̀ nílé o. Wọ́n ṣe é fún mi ní ilé ọkọ, abọ́ tèmi nìkan ni wọ́n ń gbé sí orí wíńdò. Jíjẹun pọ̀ kì í ràn án. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ràn án, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ ni abẹ, ohun ìfárùngbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ẹ ra kílípà tiyín lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Dókítà Ikùn
Ọjọ́rú, 7:20 òwúrọ̀

Àdùkẹ́, ẹ má jáwọ́. Oògùn ń dín ewu jẹjẹrẹ kù gan-an, kì í gbé e kúrò pátápátá, pàápàá tí ẹ̀dọ̀ bá ti ní àpá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ẹ̀yin Olùkọ́ náà, mo dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ béèrè. Mo ti pinnu: oògùn ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, scan àti AFP á tẹ̀ lé e. Bí owó kò bá pé lóṣù kẹfà, mo máa ṣe é lóṣù keje, n kò ní torí ìyẹn fi oògùn sílẹ̀. Mo ti ní kí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀kan ló kù. Àbúrò mi obìnrin tí mo sọ pé ó wà lára òun náà, oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ìlobùú ló ń gbé. Wọ́n ṣe AFP fún un níbì kan, wọ́n ní ó ga, ó ti ń sunkún láti ìjẹta.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́rú, 8:22 alẹ́

Ẹ pè é ní báyìí, ẹ ní kó nu ojú rẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ lókè: oyún máa ń gbé AFP sókè. Ọmọ inú ló ń ṣe é. Scan ni kó ṣe, kò ní pa ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú yẹn gan-an ló ká mi lára. Ṣé àwọn tó ń bá a tọ́jú oyún mọ̀ pé ó ní mẹ́dọ̀wú B?

Ọmọ Òkè-Fìà
Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Kò tíì sọ fún wọn. Ojú ń tì í.

Dókítà Ikùn
Ọjọ́rú, 8:47 alẹ́

Kó sọ fún wọn nígbà tó bá tún lọ, ẹ bá a lọ tó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tó bá dé 200,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa fún un ní tenofovir nínú oyún, kò ní pa ọmọ lára, oṣù tó wà yìí gan-an ni àsìkò rẹ̀. Nítorí ẹ̀gbọ́n yín tó kú, wọ́n lè fún un lóògùn láìwo iye yẹn pàápàá.

Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí, lẹ́yìn náà àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kó má bímọ sílé. Kí wọ́n bi ilé ìwòsàn tó fẹ́ bí sí ní ìsinsìnyí bóyá abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí yẹn wà lọ́wọ́ wọn, títí kan òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi. Ó lè fún ọmọ lọ́mú.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ọjọ́rú, 9:16 alẹ́

Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kílíníìkì rẹ̀, èmi ni mo máa gbé e lọ.